Ẹnu Ìyá Àgbà Tí Mo Fi Parọ́

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, àmọ́ ẹ má tì í pa. Mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin olórí ẹbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi, torí ohùn mi kò lọ sókè mọ́. Dókítà ní Ìlọrin ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíndìnrín mi dé, kò sì tàn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ikú ni mo ṣe pè yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún tí a pín ilé yìí. Mo gbé e mì, kò lọ. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́, ẹnu mi kọ̀. Lónìí, bí yóò bá fa ẹnu mi ya, kó fà á ya. Ìwọ Ọlábámijí, má dìde. O mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibi tí o jókòó sí yẹn náà ni kí o ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn, Bàbá Kọ̀ǹpútà lẹ ń pè mí, ẹ sì máa ń fi mí yangàn níléèwé. Olè ni mí. Olè tí kò fọ́ ilẹ̀kùn, tí kò gbé ẹrù, tó sì burú ju adigunjalè lọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ènìyàn, kí ẹ lè rí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Lọ́dún 1986 ni mo parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, tí mo padà sí Ọ̀fà láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Orí mi wú nígbà náà. Ohun tí mo ń lépa ni pé kí n ṣe ètò kan tí yóò gbọ́ Yorùbá: kí ènìyàn tẹ ìbéèrè sí i ní èdè wa, kí ó sì fi èdè wa dáhùn. Oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ọwọ́ mi ń tó. Ọ̀kan wà níléèwé wa, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ ẹnjiníà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá pólì sílẹ̀, mo rí ìkẹta níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́ èdè ara wọn. Ètò tí o bá kọ fún ọ̀kan, òkú ni lójú èkejì. Ni mo bá pín iṣẹ́ mi sí ọ̀nà méjì: apá kan mọ èdè, apá kejì mọ ara ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yòówù tí mo bá gbé e sí, apá tó mọ èdè kì í yí padà. Mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé ọkàn kan ni mo dá, mo sì fún un ní ara mẹ́ta. Wọ́n á ní, "Gbádé, rọra o, Ọlọ́run ń gbọ́." Èmi á bú sẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè sọ èdè tí kò gbọ́ rí. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan gbọ́. Ìyá Àgbà Susannah ni mo lọ bá. Òun ni ìyàwó tó kẹ́yìn sílé bàbá bàbá wa, òun nìkan ló sì kù nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa gbà wá sáyé; òun ló wẹ̀ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Ẹ mọ àṣà ilé wa, ṣùgbọ́n màá tún un sọ nítorí àwọn ọmọdé. Bí baálé kan bá kú, ìdí igi la fi ń pín ilé: ìyàwó kan, ààrò kan, ìpín kan. Kí a tó pín in, ìyá tó dàgbà jù nínú ilé á jókòó láàárín ẹbí, á sì ka ààrò. Á dárúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ tí òun wẹ̀ fún un. Ọmọ tó bá dárúkọ, ọmọ ilé ni. Èyí tí kò bá dárúkọ, àlejò ni, ì báà jẹ́ inú ilé náà ló dàgbà sí. Kò sí ìwé kankan. Ẹnu ìyá ni ìwé.

Ọyẹ́ kan lọ, òmíràn dé, mo ṣì ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rẹ́kọ́dà mi á wà lórí àpótí, òun á máa run pákò, á máa sọ̀rọ̀: ìjà orogún, oògùn ikọ́ ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń sáré lọ wo reluwé nígbà tó wà lọ́mọge, bí wọ́n ṣe bí Lágbájá, bí wọ́n ṣe bí Tẹ̀mẹ̀dù. Bí mo bá délé, màá tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ètò mi á máa ka bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn lẹ́nu rẹ̀, títí ó fi mọ ìrìn ẹnu rẹ̀. Bí o bá wá bi í ní ohun kan, á ṣa ọ̀rọ̀ tó bá a mu jọ, á sì tò ó bí Ìyá Àgbà ì bá ṣe tò ó.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹ̀rọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìyá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Oòrùn ọ̀sán mú, agboolé dákẹ́, kódà àwọn adìẹ ti sá sábẹ́ àká.

"Gbádé, ta ló ń dáhùn nínú àpótí yìí?"

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà ni."

"Èmi tí mo jókòó síbí yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa. Bi mí pé kí ló dé tí mi ò dé Òjòkú mọ́."

Mo tẹ ìbéèrè náà. Èmi pàápàá kò mọ ìdáhùn rẹ̀, torí kò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin Àríkẹ́ sí, ojú sì ń ti òun láti tẹ ilẹ̀ náà. Àríkẹ́, ọmọ Òjòkú, ni ìyàwó kẹta bàbá wa Adétóyè. Kàdúná ni bàbá ti fẹ́ ẹ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ reluwé, ó gbé e wálé nígbà tí oyún rẹ̀ ti ga, Àríkẹ́ sì kú sọ́wọ́ Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tó bí Bíọ́lá. Nígbà tí mo ka ìdáhùn náà sétí ìyá, pákò dúró lẹ́nu rẹ̀. Mo yára ń ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ tí ìyá fúnra rẹ̀ ti sọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn tò pọ̀. Kò gbọ́ mi. Ó ń wo gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ẹnìkan jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

"Gbádé," ó ní, "ohun tó bá ti ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀, má jẹ́ kó parọ́ o. Bí mo bá ti lọ, mi ò ní lè padà wá sọ pé mi ò wí bẹ́ẹ̀."

Mo ṣèlérí fún un. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì ṣèlérí.

Ìyá Àgbà kú ní àsìkò òjò ọdún 1992. Ọdún tó tẹ̀lé e ni bàbá wa náà tẹ̀lé e. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé pípín dé ni gbogbo wa rántí pé kò sí ìyá kankan mọ́ tó lè ka ààrò. Àwọn àgbà ṣe ìpàdé títí, ọ̀rọ̀ kò lójú. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin lẹ yíjú sí mi lọ́jọ́ náà, tí ẹ ní, "Gbádé, ṣebí gbogbo ohun tí Ìyá sọ ni ẹ̀rọ rẹ gbọ́? Kó kà á fún wa." Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mi ò tíì ní èrò ibi kankan nígbà yẹn, mo fi Ọlọ́run búra. Lọ́jọ́ kejì ni Ọlábámijí, ọmọ ààrò kejì, tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bíọ́lá nìkan ló wà ní ààrò kẹta. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọbìnrin tó máa lọ sílé ọkọ lọ́la gba iwájú ilé tó kọjú sí ọ̀nà reluwé? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tí ẹ máa ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí?"

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ni bàbá fún ní iwájú ilé yẹn nígbà tó gbé e wálé. Ààrò rẹ̀ ló ni ín."

"Bí wọ́n bá ka ààrò náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ẹnu tó máa kà á?"

Mo bú u, mo sì lé e jáde. Ẹ má yìn mí. Kó tó dé ẹnu géètì ni mo ti pè é padà. Mo bi í pé irú ọ̀rọ̀ wo ni ẹbí lè gbàgbọ́, òun ló sì ní kí n má sọ ohun tó máa ba orúkọ bàbá jẹ́, pé irọ́ tó bá yin òkú, ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ́wọ́.

Mo wá gbogbo ibi tí Ìyá Àgbà ti dárúkọ Àríkẹ́ tàbí ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, mo sì pa á rẹ́. Mo kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, mo gba ìròyìn rédíò lé wọn lórí títí wọ́n fi tán. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ohùn ìyá tó wẹ gbogbo yín, mo fi ìròyìn pa á. Nígbà tí mo parí, mo ní kí n dán ẹ̀rọ náà wò. Mo bi í bí a ṣe ń tọ́jú iṣu kó má baà rà. Ó ní kí a gbé e kúrò nínú oòrùn. Ó tún ní kí a po omi gbígbóná mọ́ tútù, kí a ṣe é wéré, Àríkẹ́ ti lọ, ọmọ náà ń sunkún.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo kó pamọ́ mọ́, mo wá a títí. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó rí ìdí rẹ̀: ọ̀rọ̀ ni mo parẹ́, mi ò pa ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ́. Ètò náà ti ka bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó sì ti kà ti wọ inú gbogbo yòókù lọ, bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀. Àlàyé nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì lè kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò ní kí ìbẹ̀rù mi má pọ̀ sí i. Mo tan ara mi pé bóyá ẹ̀rọ mi ló ti bàjẹ́, mo gbé ètò náà lọ sí pólì. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ènìyàn ti lọ kírun, èmi nìkan ni mo wà ní yàrá náà. Mi ò bi í ní ìbéèrè. Mo kàn kí i, "Ẹ káàsán, Ìyá."

Ó kọ ọ́ pé: Káàsán, ọmọ mi. Ọmọ Àríkẹ́ dà?

Mo fa wáyà yọ. Mo gbé e lọ sí tìléèwé, èyí tó ń lo tẹlifíṣàn, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ kò jọ ti àwọn méjì yòókù rárá. Ọ̀rọ̀ náà tún jáde, ó tóbi gbàǹgbà lórí tẹlifíṣàn: Ọmọ Àríkẹ́ dà? Ohun tí mo fi ń yangàn káàkiri ìlú ló wá ń lé mi láti ara kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ti mọ̀ pé ìkìlọ̀ nìyẹn. Èmi, mo wá ọgbọ́n mìíràn dá. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ìyá sọ, mo sì so ó mọ́ bọ́tìnì kan. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì náà, ètò kò ní ronú rárá. Tèmi ló máa kọ.

Ọ̀sán Sátidé ni a péjọ sí pálọ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìnkùlé. Àwọn ìyàwó ilé ti tẹ́ ẹní síwájú ẹ̀rọ, wọ́n gbé àga Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìborùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga náà. Ẹnìkan gbé omi tútù síbẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀rọ, "Ẹ káàsán, Ìyá." Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. Tíṣà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, àwọn tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹnìkan rẹ́rìn-ín péré, bóyá n kì bá tí tẹ bọ́tìnì náà. Àfi bí ẹni pé òkú ni gbogbo wa wá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ. Ẹ̀rọ mi ni, ètò mi ni, èmi ló yẹ kí n kà á. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú àwọn ìyá ní, "Bíọ́lá ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́." Bíọ́lá dìde. Ó wọ aṣọ búlúù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tó ń kọjá, torí ó ń bọ̀ wá ka orúkọ ara rẹ̀. Mo ní àyè láti sọ pé, rárá, jẹ́ kí n kà á. Mo ní àyè, ẹnu mi kò sì dùn mí. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin lẹ ṣí fìlà, tí ẹ ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ààrò Adétóyè fún wa." Mo tẹ bọ́tìnì.

Bíọ́lá ka ààrò kìíní, tí í ṣe tiwa. Ó ka ààrò kejì. Ó dé ibi irọ́ mi. Ó kà á pé, "Àríkẹ́ gbé oyún ẹlòmíràn wọ ilé wa. Adétóyè jẹ́ aláàánú, ó gba ọmọ náà tọ́. Mo wẹ̀ ẹ́ bí a ti í wẹ ọmọ àlejò. Ààrò méjì ni Adétóyè ní." Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó kà á títí dé òpin, bí tíṣà ṣe ń ka ìwé fún ọmọ iléèwé, ìyẹn ló pa mí jù. Bíọ́lá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ.

"Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun tí ẹ wẹ̀ mí."

Ó wọ yàrá lọ, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa jókòó. Ó lọ sí Òjòkú, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà á sílé, àmọ́ wọ́n ní bàbá ló ni ọmọ, kí ó lọ wá bàbá rẹ̀. Èmi gba iwájú ilé. Mo kùn ún, mo kọ orúkọ mi sára rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn ènìyàn ń wá láti Ìlọrin wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá dá wà lọ́sàn-án, mo máa ń ṣí ètò Ìyá Àgbà, bóyá torí àárò ohùn rẹ̀ ń sọ mí. Ohun yòówù kí n bi í, ó pẹ́ ni, ó yá ni, á béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ní sùúrù fún mi. Mo fẹ́ dé ibi tó burú jù.

Lọ́dún 1995, Bíọ́lá wọ ilé kọ̀ǹpútà mi ní ọ̀sán gangan. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wo ògiri tí mo kùn, kò wo nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú. Mi ò wá torí ilé. Ẹ bá mi bi Ìyá Àgbà, ta ni bàbá mi? Ibi tí mo bá lọ, wọ́n á ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Kí n ṣáà mọ ibi tí mo ti wá."

Ọ̀rọ̀ kankan kò sí lábẹ́ bọ́tìnì mi lọ́jọ́ náà. Mi ò lè lé e, torí ó ti jókòó. Mo tẹ ìbéèrè náà bó ṣe sọ ọ́, ètò sì ronú fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ń jáde díẹ̀díẹ̀. Mo rí i kí òun tó rí i: Ọmọ Adétóyè ni ọ́. Mo fi ara mi bo gíláàsì, mo sì pa ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Háà, Nẹ́pà ti mú iná lọ."

Fáànù ń yí lókè orí wa.

Bíọ́lá gbójú sókè, ó wo fáànù náà. Ó wò ó pẹ́. Mo ní ó parí, àṣírí mi ti tú, ẹ sì gbà mí gbọ́, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò lè rò pé ẹ̀gbọ́n òun á tan òun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà ni kò fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Ó yí sí ẹ̀rọ tó ti kú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn.

Ènìyàn gidi á ti wó lulẹ̀. Èmi ní kó lọ ra omi tútù fún mi ní òdìkejì títì. Kó tó dé, mo ti kọ irọ́ mìíràn. Mo rántí awakọ̀ tírélà kan tó máa ń kó ẹrù láti reluwé lọ sí Kàdúná, Tàjùdéèn, ọmọ Ìjàgbó, tó kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Jẹ́bà láìfẹ́ ìyàwó. Mo yàn án torí pé òkú kì í wá jẹ́rìí. Nígbà tí Bíọ́lá padà dé, ẹ̀rọ sọ orúkọ náà fún un. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Báyìí ni mo ṣe gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ, tí mo sì fi òkú ọkùnrin kan rọ́pò rẹ̀.

Mo rò pé àwọn ará Ìjàgbó á lé e. Wọn kò lé e. Nígbà tó yá, mo gun ọ̀kadà lọ wo ohun tí mo ṣe. Alhaja Safiyat, ìyá Tàjùdéèn, ló jáde pàdé mi, arúgbó tó ti tẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, Ọlọ́run ló lò yín. Gbogbo ìrun tí mo ń kí, ohun kan ni mo ń bẹ̀, pé kí Tàjù mi má lọ lásán. Sherifat ni mo sọ ọ́, orúkọ ìyá tèmi. Ẹ wá wo imú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé imú Tàjù ni?"

Fọ́tò Tàjùdéèn wà lára ògiri. Bíọ́lá dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo fọ́tò, mo wo Bíọ́lá, Ọlọ́run gbọ́, mo rí imú náà. Irọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ti ní imú, ó ti ní ìyá àgbà, ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Alhaja fún mi ní awó kan tó ń sìn nígbà tí mo fẹ́ máa lọ. Mo gbà á. Ẹ gbọ́ o, mo gbà á, mo sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà wálé.

Nígbà tí àìsàn yìí gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́dún yìí, Bíọ́lá ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún. Ó wá, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró síbi tí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ jókòó sí yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ nígbà tí Alhaja bá wà láyé. Ọmọ rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tún un pa." Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohun tí mi ò retí. Ó ní kí ni Ìyá Àgbà sọ gan-an nípa ọjọ́ tí wọ́n bí òun? Kí ni wọ́n fi pe òun nígbà tí wọ́n wẹ òun tán? Èmi ni mo gbọ́ ọ, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò sì rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo ń pa á rẹ́, iwájú ilé nìkan ló wà lọ́kàn mi, mi ò fetí sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Mo bi ètò náà. Ó kọ ọ́ pé: Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé e sókè, ó wò mí. Mo ní, ìwọ ni ìyá rẹ fi dípò ara rẹ̀, jókòó sílé.

Bíọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyí, àbí ohun tí ẹ̀rọ tò jọ láti ara ọmọ ẹlòmíràn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ̀ mọ́. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó sì lọ.

Láti ìgbà yẹn, èmi àti Alhaja la jọ ń sáré lọ sí ibojì. Mo ń gbàdúrà kí n pẹ́ jù ú lọ kí n lè sọ̀rọ̀, mo sì ń bẹ̀rù pé mo ń gbàdúrà ikú fún ẹni tó fún mi ní awó. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n sin ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ rò pé ayé ń bọ̀ wá di tiyín, ẹ gbọ́ mi. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rọ á máa sọ̀rọ̀ bí ìyá yín, bí bàbá yín, tẹ́ ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rọ náà. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀rọ mi gbìyànjú, ó sọ òtítọ́ ní ara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fún un, èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ lára ni mo parọ́. Ẹbí mi, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Mo ti ránṣẹ́ sí Bíọ́lá ní Ìjàgbó. Ó ní òun á wọ bọ́ọ̀sì lọ́la lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí pé òun á sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ wo ojú yín láti ojú fèrèsé. Ẹ má dúró dè é nílé. Gbogbo yín, ẹ lọ sí gáréèjì, Ọlábámijí, ìwọ ni kí o ṣáájú. Bí bọ́ọ̀sì bá dé tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ má lu bọ́ọ̀sì náà lára, ẹ má bá awakọ̀ wí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pè é ní Bíọ́lá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ orúkọ tó ń jẹ́ fún yín, ẹ sì gbà á bó bá ṣe sọ ọ́.